Wàrà Tí Ẹ Fi Ránṣẹ́ sí Àṣàbí

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú òjò. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Mo kí Ìyá, mo kí Làsísì àbúrò mi àti ìyàwó rẹ̀. Mummy Tolú tí a jọ ń gbé ilé kan náà ní Ìkòsí ló ń bá mi kọ èyí, ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ pé mi ò kàwé. Kí Làsísì má kà á nínú yàrá. Kó kà á síta kí gbogbo agboolé gbọ́, torí mo gbọ́ pé wọ́n ń sọ níbẹ̀ pé ìyàwó mi ni kò mọ ọmọ tọ́jú.

Òjò ti sọ Mile 12 di ẹrẹ̀. Iṣu ni mò ń já nínú tírélà, èjìká mi ti bó. Àwọn ọmọ àdúgbò á ṣeré nínú àgbàrá, wọ́n á jáde, wọ́n á fi ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ jẹ bọ̀ọ̀lì, inú kò ní run wọ́n. Mò ń wò wọ́n, mo sì ń jowú. Mò ń jowú Làsísì náà, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń mu omi odò bí ẹni ń mu oyin.

Ẹ mọ̀ pé ìfun Àṣàbí ọmọ tèmi kì í sinmi. Ó máa ń wú, ó máa ń dégbò, ọmọ á máa yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Dókítà ní kì í ṣe ọwọ́ ẹnikẹ́ni, ara rẹ̀ ló ń bá ara rẹ̀ jà. Oògùn tó ń pẹ̀tù sí ìjà náà kì í sì í jẹ́ kí ara lágbára tó láti lé kòkòrò àìfojúrí.

Wàrà tí ẹ fi ránṣẹ́ sí i jókòó nínú omi rẹ̀ láti Ṣakí dé gáréèjì Kétu, nínú ooru ọkọ̀. Inú ọmọ dùn, ó ń jó. Kò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ dín in. Ó ní Bàbá Oko, bó ṣe ń pè yín, kì í dín tiwọn, tútù ni wọ́n ń jẹ ẹ́.

Kò pẹ́, ibà dé, ẹ̀jẹ̀ dé. A rò pé àìsàn àtijọ́ ni. Mo pariwo pé kí dókítà fi kún oògùn rẹ̀ kíá. Dókítà obìnrin náà kọ̀. Ó ní òun á kọ́kọ́ yẹ ìgbẹ́ ọmọ wò, pé ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀, pé tó bá jẹ́ kòkòrò ló wọlé, oògùn yẹn á tún fún un láyè sí i. Inú bí mi. Ìgbà tó yá ni mo rántí yín: bí ewé iṣu bá pọ́n, ẹ kì í bú òjò, ebè lẹ máa ń kọ́kọ́ tú wò, bóyá ikán ni. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n bá kòkòrò, wọ́n sì fún un ní oògùn tó ń pa á. Dókítà kò búra pé wàrà ló gbé e wá, àmọ́ ó ní kó má jẹ ẹ́ ní tútù mọ́.

Ohun tó dùn mí jù rèé. Nígbà tí ara rẹ̀ gbóná bí iná lórí bẹ́ẹ̀dì, èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, Bàbá Oko ló ń pè. Èmi tí mò ń ru iṣu! Ẹ̀yin tí ẹ kò gbé e dé ilé ìwòsàn rí! Mo jáde síta, mò ń bá yín jà nínú ọkàn mi.

Ẹ ránṣẹ́ pé kí n mú un wá sílé, pé àgbo àti afẹ́fẹ́ oko á wò ó. Rárá, Bàbá. Olóríkunkun lẹ̀yin, olóríkunkun náà lẹ bí. Ibi tí dókítà rẹ̀ wà ló máa wà.

Àmọ́ mo ní ẹ̀bẹ̀ kan, ó sì ṣòro fún mi láti sọ. Ara rẹ̀ ti ń yá, ó tún ti ń bèèrè wàrà. Mo ní kò sí tútù mọ́. Ó wò mí lójú, ó ní irọ́ ni, Bàbá Oko kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ gba fóònù Làsísì, kí ẹ fi ẹnu ara yín sọ fún un pé ẹ̀yin náà ti ń dín tiyín. Kí ẹ sì máa dín in lóòótọ́ o, torí ó máa bi yín bó ṣe ń dún nínú epo. Tí ẹ̀yin bá ti sọ ọ́, á gbà. Èmi á jókòó tì í, mi ò ní gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí. Kí ẹ jẹ iṣu tuntun, kí Àṣàbí náà jẹ níbẹ̀. Mo kí gbogbo agboolé, títí kan ewúrẹ́ Ìyá.

Èmi ni ọmọ yín tó ń jowú yín,
Lámídì