Àdúà Iṣẹ́ tí Mo Ní Kí Wọ́n Ṣe fún Ràfíà

Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́

Àṣàbí, ìyàwó ọmọ mi, ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ti ní kó má fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un.

Láti oṣù tó kọjá tí Ràfíà ọmọ ọmọ mi ti kó wá sọ́dọ̀ wa ní Marcory, àdúgbò wa nílẹ̀ elédè Faransé yìí, yàrá ló ń wà látàárọ̀. Lundi, ọjọ́ Ajé, nìkan ló ń jáde, mo rò pé iṣẹ́ ló ń wá kiri. Mo ní kí alfa bá a tọrọ iṣẹ́. Lónìí, alfa dárúkọ rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí, gbogbo jàmáà ṣe àmín. Ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wà níbẹ̀. Kò dúró kí mi.

Mo délé, mo ṣílẹ̀kùn Ràfíà. Ó wọ búláòsì ọ́fíìsì, ó ró ìró tó fi sùn, ó ń bá kọ̀ǹpútà sọ Faransé.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo wà ní réunion, ìpàdé iṣẹ́ ni."

Nígbà tó ṣe tán, mo bi í bóyá wọn ò tíì lé e níbi iṣẹ́. Ó ní láti ìgbà korona ni ọ̀gá àwọn ti ní kí àwọn máa ṣiṣẹ́ nílé, lundi nìkan ni àwọn ń lọ sí bureau, ọ́fíìsì wọn. "Ta ló sọ fún yín pé wọ́n lé mi?"

Mo ní ebi ń pa mí.

Korona ti lọ, kí ló dé tí wọn ò padà? Iṣẹ́ wo ni èèyàn ń ró ìró àná ṣe? Bí àwọn ará ilé àfẹ́sọ́nà rẹ̀ bá torí àdúà yìí fi ọmọ náà sílẹ̀...

Àṣàbí, yéé rẹ́rìn-ín. Kí alfa gbọ́ pé Ràfíà níṣẹ́ kó tó di Jímọ̀ tó ń bọ̀. Kí ìyá àfẹ́sọ́nà gbọ́ lọ́la. Ṣùgbọ́n Ràfíà ni kó kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí mo ṣe, lẹ́nu èmi fúnra mi. Lọ pè é wá.