Wọn Ò Lé Orpha

Lowell, àbúrò mi,

Mo kí ìyàwó àtàwọn ọmọ. Orúnkún Bàbá ti ń san, àgbàdo wa sì yọ dáadáa ní Nebraska níbí.

O rántí Orpha, ìyá ńlá wa tó ṣe tíṣà nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ ìlú yìí dó? Wọ́n ní tìtorí ẹnu rẹ̀ tó mú ni wọ́n ṣe ń lé e láti ilé dé ilé. Irọ́ ni o! Mo bi Màmá Hulda, tí Orpha kọ́ ìyá rẹ̀ níwèé. Ẹ̀rín pa á.

“Ta ló lé e? Ilé àwọn ọmọ iléèwé ni tíṣà ń gbé nígbà yẹn, ó ń yí kiri lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìjà ta ni yóò kọ́kọ́ gbà á sílé ni wọ́n ń jà!”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá lásìkò ooru. Èmi àti Clovis ẹ̀gbọ́n wa ti bẹ̀rẹ̀ ìjà yín. Ọlọ́run á pa yín mọ́. Tẹ́ ẹ bá kúrò nílé mi bọ́ sí tirẹ̀, ẹ má sọ pé mo lé yín o.

Thelma, ẹ̀gbọ́n rẹ