Àwo Gìtá Tó Wà Nínú Agolo Bisikíìtì Mi

Èmi, Ermelinda Quiala Despaigne, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, tí mo ń gbé ní Los Hoyos ní ìlú Santiago de Cuba, ni mo kọ ìwé yìí. Orí mi pé. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹni tó fi òṣùwọ̀n rẹ́ mi jẹ. Lọ́jọ́ Ajé ni àwọn dókítà máa la ikùn mi. Mo fẹ́ sọ ibi tí ohun ìní mi yóò lọ, kí àwọn ọkùnrin méjì inú ilé mi má baà bá mi sọ ọ́.

Mo fi Zoraida Limonta, aládùúgbò mi, ṣe alámòójútó. Zoraida, má jẹ́ kí omijé ẹnikẹ́ni tàn ọ́. Àwọn méjèèjì mọ ẹkún sun.

Ìkíní. Ilé mi di ti Yusmila, ọmọ mi. Evaristo Savón, bàbá rẹ̀, ṣì ń sùn lẹ́yìn pákó tí a fi dá yàrá sí méjì, bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́ tí adájọ́ ti tú wa ká. Kò rílé mìíràn ni. Nicanor, àbúrò mi ọkùnrin, ń sùn lórí àjà. Bí Yusmila bá gbà wọ́n láyè, kí wọ́n máa san owó iná.

Ìkejì. Bí ẹ bá pa ẹlẹ́dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, gbogbo ilé tó ń gbé èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àjẹkù wá fún un ni kí ẹ fún ní ẹran, bí a ti máa ń ṣe. Zoraida ni kó mú itan. Evaristo ò gbé èèpo kan wá rí. Kó máa gbóòórùn rẹ̀.

Ìkẹta. Téèpù àwo gìtá tí Evaristo àti Nicanor ṣe wà nínú agolo bisikíìtì lábẹ́ ibùsùn mi. Orin mẹ́sàn-án ni. Kò sẹ́ni tó fẹnu kọrin nínú rẹ̀. Gìtá oníná méjì ló ń dá ara wọn lóhùn. Igi tábìlì ilé ìwé ni Evaristo fi kan tirẹ̀. Wáyà tẹlifóònù ni Nicanor yí sínú tirẹ̀. Pálọ̀ mi ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀. Wọ́n ń gbọn eérú sìgá sínú ife kọfí mi, wọ́n ń tutọ́ sí ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù.

Nicanor ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa fíríìjì yẹn, ó ń kùn sínú orin wa."

Mo ní, "Ẹran ilé mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Ẹ lọ pa ẹnu yín ná."

Ìdí nìyẹn tí fíríìjì mi fi ń kùn nínú orin kẹta. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ nínú ìwé ikú: orin karùn-ún mú kí ìrẹsì jóná mọ́ mi lọ́wọ́, èmi tí n kì í da ìgbákọ kan nù.

Ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ gbé àwo náà jáde. Ó ku kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí ìwé.

"Orúkọ mi ló máa wà lókè," Evaristo wí.

Nicanor ní, "Ìwọ kẹ̀? Ta ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di gìtá mú, ìwọ tó ń dì í mú bí ọkọ́?"

Àwọn ará ilé-iṣẹ́ náà bá tiwọn lọ. Láti ìgbà náà, Evaristo ń yọ́ wá bẹ̀ mí pé kí n mú téèpù fún òun, kí òun pa gìtá Nicanor rẹ́ nínú rẹ̀. Nicanor náà ń yọ́ wá bẹ̀ mí kó lè pa ti Evaristo rẹ́. Ó ń rí mi lára. Ta ló ń ṣa ẹ̀wà kúrò nínú ìrẹsì tó ti bá a jinná?

Téèpù náà di ti Yusmila nìkan. Kó gbé e jáde lódindi, pẹ̀lú fíríìjì. Orúkọ tó bá wù ú ni kó fi sókè, ìbáà jẹ́ ti ẹlẹ́dẹ̀.

Ìkẹrin. Lọ́yà sọ fún mi pé ẹni tó bá jẹ́rìí sí ìwé ìhágún ò lè gba ohunkóhun nínú ogún náà. Nítorí náà, àwọn méjèèjì ni mo pè. Wọ́n wà ní pálọ̀ báyìí. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ kà á. Wọn ò kà á. Ẹni tí yóò kọ́kọ́ fọwọ́ sí i ni wọ́n ń jà lé lórí.

Ọwọ́ mi rèé, ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta, ọdún 2009:
Ermelinda Quiala Despaigne

Ẹlẹ́rìí kìíní: Evaristo Savón Duvergel
Ẹlẹ́rìí kìíní: Nicanor Quiala Despaigne