Orúnkún Tí Wọ́n Kọ Sínú Ìwé Pé Ó Dùn

Ojúlé Kọkànlá,
Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé-Ìwòsàn.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, ọdún 2023.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Àwọn Agbábọ́ọ̀lù Tó Wà Lókè Òkun,
Ilé Àjọ Bọ́ọ̀lù Aláfẹsẹ̀gbá,
Àjà Kẹta.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ BÁ WA TÚN Ọ̀RỌ̀ KAN ṢE NÍNÚ ÌWÉ DÓKÍTÀ, KÍ WỌ́N LÈ ṢE IṢẸ́ ABẸ FÚN ỌMỌ ỌMỌ MI

Ẹni tó ń bá mi kọ lẹ́tà yìí ni akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ kan tó ti fẹ̀yìntì, tó ń gbé yàrá iwájú ilé mi. Èmi kò mọ̀wé. Ó fẹ́ máa bá mi fi òróró pa àwọn ọ̀rọ̀ kan lára. Mo ní kó kọ wọ́n bí mo ṣe sọ wọ́n.

1. Èmi ni ìyá bàbá agbábọ́ọ̀lù iwájú tí ẹ̀yin náà ń pè ní Atamátàsé. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí bàbá rẹ̀, bíríkìlà, já bọ́ láti orí àkàbà tó sì kú. Èmi ni mo tọ́ ọ. Ọdún kẹrin rẹ̀ nìyí nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó wà lókè òkun. Ní ọdún kejì, òun ló gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n jù nínú wọn. Wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sára ògiri pápá, ó ga ju ilé mi lọ.

2. Kò gbọ́ èdè ibẹ̀ tán. Ó gbọ́ "sáré", ó gbọ́ "gbé e wá", ó gbọ́ "padà sẹ́yìn". Èdè pápá nìyẹn. Kò gbọ́ èdè àìsàn. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ náà fi gba ògbufọ̀ fún un. Ọmọkùnrin tí ọmọbìnrin mi bí ni ògbufọ̀ náà, ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Atamátàsé fúnra rẹ̀ ló bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gba ìbátan òun síṣẹ́. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀.

3. Ní àárọ̀ Sátidé, ọjọ́ kẹrin oṣù tó kọjá, orúnkún ọ̀tún rẹ̀ wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Dókítà ẹgbẹ́ tẹ̀ ẹ́, ó bi í bó ṣe rí. Ọmọ mi ní, "Ó ń dùn mí gan-an ni." Ògbufọ̀ sọ fún dókítà pé ó ní ó dùn gan-an. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó gbá a lẹ́yìn, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé agbábọ́ọ̀lù fẹnu ara rẹ̀ sọ pé orúnkún òun dára, inú òun sì ń dùn láti wọ pápá.

4. N kò ní kọ́ ẹ̀yin ọ̀gá ní Yorùbá. Oyin a máa dùn, egbò a máa dunni. Ọmọ tó ń rá kò ní ṣi ọ̀kan mú fún èkejì. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin mi kò sọ èdè wa sí ọmọ rẹ̀ àfi nídìí oúnjẹ: "Ṣé ó dùn?" "Ó dùn, Mọ́mì." Bí ọmọ náà bá ṣubú, èdè wọn ló fi ń tù ú nínú. Inú abọ́ ló ti kọ́ ọ̀rọ̀ náà, kò sì mọ̀ ọ́n kọjá abọ́.

5. Ẹ ó béèrè ìdí tí Atamátàsé kò fi jiyàn nígbà tí wọ́n gbé bàtà lé e lọ́wọ́. Èmi náà bi í. Ó ní òun rò pé wọ́n gbọ́, pé wọn kàn kò bìkítà ni. Kò yà á lẹ́nu rárá.

6. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún wákàtí kan. Nígbà tí kò lè sáré mọ́, àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ súfèé sí i, wọ́n ní ọ̀lẹ ni. Aṣọ́lé ti ṣubú, àwọ̀n ṣófo níwájú rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún láti gbá a wọlé, orúnkún náà sì yí. Wọn kò dẹ́kun súfèé títí wọ́n fi gbé e jáde. Wíwú orúnkún náà kò tíì rọlẹ̀ tí wọ́n fi kun ògiri bo àwòrán rẹ̀.

7. Ẹgbẹ́ náà ti lé e báyìí. Wọ́n ní ó tan dókítà jẹ, nítorí náà iṣẹ́ abẹ kò kàn wọ́n. Oníṣẹ́ abẹ sì ní bí oṣù yìí bá parí láìlà á, ọ̀pá ni yóò máa fi rìn títí ayé.

8. Ògbufọ̀ ló sọ gbogbo rẹ̀ fún mi lórí fóònù, ó ń yangàn pé òun kò fo ọ̀rọ̀ kankan. Mo bi í pé bí mo bá la ọmọ odó mọ́ ọ lórí, tó sì dùn ọ́, ṣé ṣúgà ni? Ìgbà náà ló yé e. Ó bú sẹ́kún. Ó bẹ̀ mí pé kí n bo òun láṣìírí, pé ìyàwó òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, wọn yóò lé òun. Mo kí i kú ewu ọmọ, mo sì sọ fún un pé n ó sọ ọ́. Ọmọ mi ni àwọn méjèèjì. Ẹnì kan ló ń dùbúlẹ̀.

9. Kí ẹ má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn: ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ méjì ṣáájú Sátidé náà, Atamátàsé pè mí pé orúnkún ń dun òun. Mo ní ẹsẹ̀ wíwú ni bàbá rẹ̀ fi gun àkàbà, kó lọ ṣiṣẹ́ rẹ̀. Èmi gbọ́ Yorùbá. N kò ṣì í gbọ́.

10. Ẹjọ́ lórí ẹni tí yóò san owó iṣẹ́ abẹ náà yóò wáyé lọ́hùn-ún ní ogúnjọ́ oṣù yìí. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ rán aṣojú kan lọ, pẹ̀lú ògbufọ̀ tó ti búra, tí kì í ṣe ẹbí wa. Ẹgbẹ́ náà ya fíìmù yàrá ìtọ́jú láàárọ̀ Sátidé náà fún àwọn olólùfẹ́ wọn. Kí ògbufọ̀ yín wò ó níwájú gbogbo wọn, kó sọ ohun tó gbọ́. N kò bẹ̀ yín kó tún gbá bọ́ọ̀lù. Oníṣẹ́ abẹ ti kọ̀wé pé ìyẹn ti parí. Mo fẹ́ kó lè rìn dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láìdi ògiri mú.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín, bí mo ṣe sọ ọ́ náà ló rí,

(Ìtẹ̀ka àtàǹpàkò òsì)

Ìyá Àgbà,
Ìyá bàbá agbábọ́ọ̀lù, ìyá ìyá ògbufọ̀.

Àwọn tó kù láti sọ fún: Akọ̀wé yóò ka lẹ́tà yìí sétí ọmọbìnrin mi lórí fóònù lónìí, kó tó fi ránṣẹ́. Bó bá ń sunkún, kó máa kà á lọ. Atamátàsé kò tíì mọ̀ pé òun kò ní gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Ìyàwó rẹ̀ fi ìwé oníṣẹ́ abẹ pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kí aṣojú yín má sọ fún un, kí ìyàwó rẹ̀ náà má sọ ọ́. Kí wọ́n fún un ní fóònù kó pè mí. Èmi ni mo ní kó lọ; èmi ni n ó sọ fún un pé ó ti tán.