Ọwọ́ Tí Mo Dì Mú

Ajé, 3 oṣù Kẹta
Ọmọ mẹ́fà ló wà nínú ìwádìí wa, gbogbo wọn ní ọtísíìmù. Èyí tó kàn mí lónìí jẹ́ ọmọbìnrin ọdún méje. Kò tíì sọ̀rọ̀ rí. Ọwọ́ rẹ̀ kì í sinmi — ó ń jù ú fìrìfìrì bí ẹyẹ tó fẹ́ fò. Mo ti sọ ọ́ ní Lékeléke, láàárín èmi àti ìwé yìí.

Iṣẹ́ mi: kó jókòó, kó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí tábìlì. Bó bá gbé ọwọ́, màá dì í mú, màá ní "ọwọ́ jẹ́ẹ́", màá fa igi kan sínú ìwé. Bó bá ṣe jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, á gba ẹ̀rún bisikíìtì. Ọ̀jọ̀gbọ́n ọ̀gá wa ní ọwọ́ tó bá sinmi nìkan ló lè gba ẹ̀kọ́. Olóòlà ni mo ń pe ọ̀gá yìí: ìlà ni tiẹ̀, ìlà orí ìwé tó ń fi iye igi hàn, tó bá ṣáà ti ń lọ síbi tó fẹ́.

Ìdajì wákàtí. Igi mọ́kànlélógójì.

Ọjọ́rú, 5
Igi méjìdínlógójì. Ó gé mi jẹ lápá. Ẹ̀wù alápá gígùn ni mo máa wọ̀ lọ́la.

Ẹtì, 14
Mẹ́tàdínlógún! Olóòlà fi ìlà náà han gbogbo wa, ó ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni ń ti orí òkè bọ̀. Ó ní ọwọ́ mi mọ́ iṣẹ́ yìí. Mo dé ilé, mo ń kọrin ní balùwẹ̀. Àbúrò mi ní ṣé wọ́n ti fi mí joyè ni.

Ìṣẹ́gun, 18
Ó gbé ọ̀tun dé. Á fi àtẹ́lẹwọ́ òsì bo etí, á tẹ̀ ẹ́, á wá na ọwọ́ ọ̀tún sí mi. Mo mú méjèèjì wálẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án. Ó sunkún. Mo fa igi mẹ́sàn-án — ìlànà ò yọ ọwọ́ kan sílẹ̀. Mo na bisikíìtì sí i, kò jẹ ẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 20
Méjì péré. Ó kàn jókòó, ó tẹjú mọ́ ògiri. Orí rẹ̀ gbóná díẹ̀ nígbà tí mo nù ún lójú. Ooru yàrá yìí náà ti pọ̀ jù.

Ajé, 24
Lékeléke ò wá.

Ìṣẹ́gun, 25
Ìyá àgbà rẹ̀ wá. Òun ló máa ń mú un wá, torí ìlú mìíràn ni ìyá ọmọ ti ń ṣiṣẹ́. Ó jókòó sórí àga kékeré àwọn ọmọ, ó gbé àpò lé itan. Ó ní etí ọmọ bẹ́ ní Sátidé. Ọyún ń dà. Ilé ìwòsàn ni wọ́n sùn. Dókítà ní ó ti ń dùn ún bọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, òun ò sì tíì lè sọ bóyá etí náà á tún gbọ́ràn.

Ohun tó ń ya Màmá lẹ́nu ni pé ọmọ náà ní bó ṣe máa ń sọ fún wọn láti kékeré. Á fi àtẹ́lẹwọ́ bo ibi tó ń dùn ún, á na ọwọ́ kejì sí ẹni tó wà níwájú rẹ̀. "Lọ́tẹ̀ yìí, kò ṣe é nílé rárá. Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò ṣe é níbí?"

Mo ní, "Rárá, Mà. Kò ṣe é."

Ó ní ẹ ṣé o, ẹ kú ìtọ́jú rẹ̀. Ó dúpẹ́. Èmi yìí ni Màmá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́rú, 26
Wẹ́rẹ́ ni irọ́ yẹn jáde lẹ́nu mi, n ò tilẹ̀ gbé itọ́ mì.

Kámẹ́rà wà lókè ilẹ̀kùn. Mo lọ wo fídíò ọjọ́ kejìdínlógún. Ẹ̀yìn orí mi. Ọwọ́ ọmọ tó nà sí mi — tó sì ń dúró. Ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án ló dúró. Mo gbọ́ ohùn ara mi: "ọwọ́ jẹ́ẹ́." Ohùn pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ká ní mo jágbe mọ́ ọn ni, ìbá sàn fún mi.

Ẹtì, 28
Mo sọ fún Olóòlà. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún títí. Ó ní ìlànà ni mo tẹ̀ lé, ẹ̀bi mi kọ́. Ó ní ká yọ ọmọ náà kúrò nínú ìwádìí, ká kọ ọ́ pé àìsàn ló dá a dúró. "Àbí irọ́ nìyẹn?"

Irọ́ kọ́. Ibi tó ti burú gan-an nìyẹn. Mo fẹ́ bínú sí i, ṣùgbọ́n ẹnu wo ni màá fi bá a wí?

Àìkú, 30
Mo lọ sílé Màmá. Lékeléke wà lórí ẹní, òwú létí, ó ń to ìdérí ìgò. Kò wò mí. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo ẹ̀: ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án, ọwọ́ tí mo dì mú, irọ́ tí mo pa.

Láti ọjọ́ tí mo ti mọ Màmá, "ẹ" ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀, nítorí iṣẹ́ tíṣà. Ó ní, "Dìde." N ò dìde. "Mo ní kí o dìde. Kí ni orúnkún rẹ fẹ́ ṣe fún etí ọmọ mi?"

Mo dìde.

Ó ní òun náà máa ń di ọwọ́ yẹn mú nínú ọkọ̀, bí àwọn èèyàn bá ti ń wò wọ́n. Ìtìjú ni. "Ṣùgbọ́n èmi máa ń kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀ ná."

Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó tún sọ̀rọ̀. "Márùn-ún yòókù ńkọ́? Ṣé gbogbo wọn ló ní ìyá àgbà tó máa wá bi ọ́ léèrè?"

Ìṣẹ́gun, 1 oṣù Kẹrin
Mo sọ fún Olóòlà pé mo fẹ́ lọ bá òbí àwọn márùn-ún yòókù. Ó ní bí mo bá tẹsẹ̀ dé ilé òbí kankan, kí n má padà wá. Mo gbé kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì rẹ̀. Kì í ṣe ìgboyà, kí n má tan ara mi jẹ. Ojú Màmá ni n ò fẹ́ tún rí lójú àlá.

Ọjọ́bọ̀, 3
Ilé kìíní. Télọ̀ ni bàbá náà. Ọmọbìnrin rẹ̀ ọlọ́dún márùn-ún máa ń fi ìka méjì gbá àgbọ̀n ara rẹ̀. Igi mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Òdo ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Èmi ni mo ṣe é.

Mo ṣàlàyé. Ó dá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró. Ó ní òun ti ń wí fún gbogbo àdúgbò pé a ti wò ó sàn. Kò pariwo. Ó kàn béèrè pé, "Kí ló wá ń fi ìka yẹn sọ nígbà náà?"

Mo ní n ò mọ̀, sà.

Ó gbé ìka méjì, ó gbá àgbọ̀n tirẹ̀. Ó tún gbá a, díẹ̀díẹ̀, ó ń wò mí, ó ń dúró kí n dáhùn.