Ọkọ́ Mamaw Kò Sọnù

                                        Puncheon Lick,
                                        Kentucky.
                                        Ọjọ́ kejì, oṣù karùn-ún, ọdún 2016.

Verlin, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ọkọ́ Mamaw kò sọnù. Ìyá àgbà wa kò sì gbà á padà lọ́wọ́ rẹ kí ó tó kú, bí mo ṣe sọ fún ọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀. Èmi ni mo jí i. Ó ti lé ní ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta tí mo fi àpò ìyẹ̀fun wé e, tí mo sì tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ pákó lókè àjà abà mi.

Mo mọ̀ pé ìkíni ló yẹ kó ṣáájú. Ṣùgbọ́n mo mọ ara mi. Bí mo bá kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà, n óò máa béèrè rẹ̀ títí ìwé á fi kún, n óò sì tún gbé ọ̀rọ̀ gan-an mì. Nísinsìnyí tí ó ti jáde, jẹ́ kí n kí ọ. Ṣé dáadáa lo wà? Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ ńkọ́? Lurene ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ̀ ti ń gbà kí ó gun àtẹ̀gùn? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti ọmọ-ọmọ yín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó? Ara tèmi ń le bọ̀ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn àìsàn kan, àìsàn náà ló sì bí lẹ́tà yìí.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù tó kọjá, mo lọ wo ibojì ẹbí wa lórí òkè nítorí Ọjọ́ Ọ̀ṣọ́ Ibojì tó ń bọ̀. Verlin, bí o bá rí ibi tí Mamaw sùn sí, wàá sunkún. Ìtàkùn ewé mẹ́ta, ayúnni tó kórìíra awọ ara mi, ti gun igi óákù tó wà níbi orí rẹ̀. Okùn rẹ̀ ti tó apá mi, irun sì bò ó bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn. Òkúta tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí, ìdajì rẹ̀ ló ṣẹ́ kù tí ojú lè rí. Mo sọ̀ kalẹ̀ wálé, mo gun òkè àjà, mo tú àpò náà. Mo gbé ọkọ́ lé itan. Mo di èèkù rẹ̀ mú níbi tí Mamaw máa ń dì í mú, níbi tí Papaw ọkọ rẹ̀ fi ọ̀bẹ gbẹ́ lẹ́tà méjì orúkọ rẹ̀ sí. Omijé dé. Mo fi ọwọ́ nù ún.

Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, ojú mi méjèèjì ti dì. Ọwọ́ mi lé ròrò, ó ń ṣomi, ó sì ń yún mi débi pé n kò lè jókòó. Ramona ọmọ mi gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì wò mí, ó mi orí.

"Bàbá, ìtàkùn ewé mẹ́ta nìyí o. Ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ ò tíì yọ níbì kankan! Níbo lẹ ti rí i fọwọ́ kàn?"

"Ajá mi ni," ni mo wí. "Ó máa ń wọ inú igbó, á wá gbé e wálé lára irun rẹ̀."

"Ajá wo?" Ramona yí sí mi. "Bàbá, ajá yín ti kú láti ọdún tó kọjá!"

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Ramona ò jẹ́ kí ó sinmi: "Ẹ ò mọ bàbá yìí ni. Ọgbọ̀n ọdún ló fi kọ́ gbogbo wa lórin ní kíláàsì: 'Ewé mẹ́ta, má tọ́ ọ, okùn onírun, má fà á!' Tíṣà ló gba òdo lónìí o!"

Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ètè mi kò gbà. Ohun tó ń ká mi lára ni pé lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo ṣì ń purọ́ nítorí ọkọ́ yẹn. Òróró ìtàkùn náà kì í gbẹ bí ewé ti ń gbẹ. Ó lè wà lára irin, lára igi, lára bàtà àti ìbọ̀wọ́ fún ọdún gbọọrọ. Èmi fúnra mi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Òróró tó ti ọwọ́ rẹ wọ inú èèkù ní 1961 ló dúró dè mí nínú àpò. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni èsìsì ń jó ni. Èyí jó mi lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbọ́n.

O mọ ìgbà àkọ́kọ́. Ohun tí o kò mọ̀ ni ìdí rẹ̀. Mo jowú rẹ, Verlin. Mo jowú rẹ bí ẹni tí ebi ń pa ṣe ń wo ẹni tó ń jẹun.

Èmi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé bí mo bá kàn wo ìtàkùn yẹn lójú, ara mi á lé. Ìwọ á ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè, wàá fi ọwọ́ lásán fà á bọ́ lára igi bí ẹni ń fa okùn ewúrẹ́. Bí a bá ń tún ibojì ṣe, ariwo á sọ: "Verlin dà? Ẹ pe Verlin, ó ti kan ibi tirẹ̀!" Ta ló ń pe Ancil? Èmi ni àkọ́bí ọmọ-ọmọ. Èmi ni mo lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Èmi ni mo mọ orúkọ ewé náà ní èdè Látìn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wá Látìn wá sórí òkè yẹn. Lurene tí mo fi ọdún méjì bá gbé ìwé ti ilé-ìwé bọ̀, ìwọ ló ń wò. Mo rántí ọjọ́ tí o já ewé náà tí o fi nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ níwájú rẹ̀. O ní, "Ancil, máa bọ̀ jàre! Ó kàn fẹ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ni!" Lurene rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Mo ṣì ń gbọ́ ẹ̀rín yẹn.

Nígbà tí mo bi ọ́ bí o ṣe ń ṣe é, o ní o ti jẹ ewé kan nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún méje. "Ṣé o ò gbọ́ ohun táwọn àgbà ń sọ ni? Ẹni tó bá jẹ ẹ́ nígbà ìrúwé, kò lè ṣe é ní nǹkan mọ́." Àwàdà lo ń ṣe, ojú rẹ ti ń rẹ́rìn-ín kí ọ̀rọ̀ tó tán. Ṣùgbọ́n owú kì í gbọ́ àwàdà. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Ọjọ́ Ọ̀ṣọ́ Ibojì ti 1961, mo já ewé tútù mẹ́ta, mo fi wọ́n sáàárín búrẹ́dì àgbàdo, mo fi bọ́tà sí i, mo sì jẹ ẹ́ lẹ́yìn abà. Mo tilẹ̀ lá ọwọ́.

Bí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ bá gbọ́ ìsọkúsọ yẹn lẹ́nu ẹnikẹ́ni, sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi fún wọn. Ètè mi wú bí ọ̀dùnkún, ọ̀fun mi há, díẹ̀ ló kù kí n má lè mí. Mo sọ fún gbogbo ilé pé ìwọ lo tàn mí jẹ. O kò jiyàn. O lọ sí etí odò, o já ewé tí igi rẹ̀ kún fún omi yẹn, o gún un, o fi aṣọ tútù tẹ̀ ẹ́ mọ́ mi lójú láàárọ̀ lálẹ́. Títí di òní, n kò lè búra bóyá ewé náà ló tù mí lára tàbí omi tútù. Mo mọ̀ ṣá pé inú rere rẹ dùn mí ju ìyún lọ.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé inú mọ́tò ni mo wà lọ́jọ́ náà gan-an, tí ojú mi rí bí ìyẹ̀fun tó wú, nígbà tí Mamaw pe ẹbí jọ tó gbé ọkọ́ rẹ̀ lé ọ lọ́wọ́. A jọ mọ ohun tí ọkọ́ yẹn jẹ́. Ẹni tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń gé koríko àkọ́kọ́, òun ló ń pín iṣẹ́, òun ló sì ń fi í ṣí ilẹ̀ bí ẹnìkan nínú wa bá kú. Mo gbọ́ ohùn Mamaw: "Ọwọ́ yìí ni ilẹ̀ wa mọ̀." Mo wo ọwọ́ tèmi. Báńdéèjì ló wà níbẹ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án, o gba iṣẹ́ lọ sí Ohio. O fi ọkọ́ náà kọ́ sára ìṣó nínú abà, o ní, "Ancil, bá mi mójú tó o. Bó bá di oṣù karùn-ún, mo ń bọ̀ wá gbà á." Mọ́tò rẹ kò tíì kọjá afárá tí mo fi wé e sínú àpò. Mo fi ìbọ̀wọ́ gbé e, nítorí mo bẹ̀rù ọwọ́ rẹ tó wà lára rẹ̀.

Ohun tó burú jù nìyí. Ní ìgbà òtútù, Mamaw dùbúlẹ̀ àìsàn. Ó pè mí, ó ní, "Ránṣẹ́ pe Verlin fún mi. Sọ fún un kí ó gbé ọkọ́ mi dání. Òun ni kí ó ṣí ilẹ̀ fún mi." N kò ránṣẹ́ pè ọ́. Mo dúró ọjọ́ méjì, mo padà wọlé tọ Mamaw lọ, mo ní o kò lè wá, mo ní o ti ju ọkọ́ náà nù, pé o ní ará Ohio kì í ro ilẹ̀. Ó wá ní, "Mo rò pé ó mọ ohun tí mo fún un." Ó yí ojú sí ògiri. Ní ọjọ́ kẹrin ló kú.

Èmi ni mo fi ṣọ́bìrì ṣí ilẹ̀. Nígbà tí o fi bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, a ti gbẹ́ ẹ tán. Mo fà ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní Mamaw ti gba ọkọ́ rẹ̀ padà, pé ó ní ẹni tó fi òkè sílẹ̀ kò lè jẹ́ olórí òkè. O dé fìlà rẹ. Láti ọjọ́ náà, òdòdó nìkan ni a ń rí gbà lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ Ọ̀ṣọ́ Ibojì, a kò rí ọ.

Ǹjẹ́ olè náà tilẹ̀ ṣe mí láǹfààní? Rárá. Ọkọ́ tuntun tí mo rà ní ṣọ́ọ̀bù ni mo fi ń ṣe olórí. Lọ́dọọdún, bí a bá dé ibi ìtàkùn, gbogbo wọn á dúró, ẹnìkan á sì mí kanlẹ̀: "Ká ní Verlin wà níbí." Ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, Verlin! Mo jí ọkọ́ rẹ, wọn kò sì yé pe orúkọ rẹ. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ dáná sun ìtàkùn náà lọ́dún yìí. Mo ní kí wọ́n má dán an wò, nítorí èéfín rẹ̀ á gbé òróró yẹn lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró wọn. Ni ọ̀kan nínú wọn bá béèrè pé, "Tíṣà, ta ni yóò wá fà á?"

Mo ti fọ ọkọ́ náà. Mo wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gígùn, mo fi ọṣẹ tí a fi ń fọ abọ́ àti omi tútù fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, irin àti igi, mo sì fi sípíríìtì nù ún. Àpò yẹn, n kò sun ún, mo dì í sínú ọ̀rá, mo jù ú nù. Síbẹ̀, wọ ìbọ̀wọ́ kí o tó dì í mú. Awọ ara ń yí padà bí a ti ń dàgbà, ẹni tí kò yún tẹ́lẹ̀ lè wá yún. Bí ó bá kàn ọ́, tètè fi ọṣẹ àti omi tútù wẹ̀ ẹ́, má jẹ́ kí ó pẹ́. Kí n má purọ́ mọ́: apá kan nínú mi fẹ́ kí ó yún ọ díẹ̀. Díẹ̀ ṣá. Bí ó ti burú tó nìyẹn, kò tíì tán nínú mi.

Bá mi kí Lurene. Sọ fún un pé mo ti jẹ́wọ́ pé èmi fúnra mi ni mo jẹ ewé náà, pé ìwọ kò tàn mí. Kí àwọn ọmọ fún mi. Ramona náà ń kí yín, òun ni yóò gbé lẹ́tà yìí dé ẹnu ọ̀nà yín lọ́jọ́ Sátidé. Mo ti jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò bá mi sọ̀rọ̀ láti àná, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù yìí ni Ọjọ́ Ọ̀ṣọ́ Ibojì. N kò lẹ́nu láti ní kí o wá. Ohun méjì ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ, méjèèjì ni mo sì ń dá padà. Ọ̀kan ni ọ̀rọ̀ Mamaw, bó ṣe sọ ọ́ gan-an: "Òun ni kí ó ṣí ilẹ̀ fún mi." Kò gba nǹkan kan padà lọ́wọ́ rẹ rí. Èkejì wà lọ́wọ́ Ramona, nínú aṣọ mímọ́.

Gba ọkọ́ rẹ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tí kò ṣe ẹ̀gbọ́n,
Ancil Stidham.