Àga Wa Ṣì Wà Níta

Ẹ̀gbọ́n mi Bwalya,

Mo kí yín o. Mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Àgbàdo ẹ̀yìnkùlé wa ní Luanshya ti gbẹ dànù. Ẹsẹ̀ Màmá ṣì wú, kò lè dìde mọ́.

Àrá ló pa ẹ̀rọ Wáì-fáì wa. Apá mi ò ká èyí tó lágbára, ni mo bá ra kékeré. Ẹni tó tà á tiẹ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Àǹtí, àfi tílé yín bá jẹ́ ààfin lèyí ò ní kárí." Kò dé yàrá Màmá, wáyà rẹ̀ ò sì kúrò ní pálọ̀. Màmá sì ń dà mí láàmú pé òun fẹ́ rójú yín. Mo kó gbogbo àga síta, mo tẹ́ ibùsùn rẹ̀ sí pálọ̀.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àga kì í jáde báyẹn ládùúgbò wa àfi nílé òkú. Kí n tó tan fóònù, àwọn obìnrin àdúgbò ti ró aṣọ chitenge wọn, wọ́n ń sunkún wọlé. Ìyá Mulenga ló kọ́kọ́ rí i pé Màmá ń wo àwọn.

"Yéè! Ẹ ò tíì kú!"

"Ẹ jókòó jàre," ni Màmá wí. "Ẹ ti kúkú sunkún dé."

Àwọn lẹ rí lórí fóònù tẹ́ ẹ fi ń bi mí pé irú àpèjẹ wo là ń ṣe.

Nígbà tí wọ́n lọ, mo fẹ́ kó àga wọlé. Màmá ní kí n fi wọ́n síbẹ̀, kí n má ṣe wàhálà lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má ra ẹ̀rọ ńlá ránṣẹ́. Ẹ wálé. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ bá a láàyè, kó jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa bá mi kó àwọn àga yẹn wọlé.

Àbúrò yín,
Kasonde